Dàdá Ò Lè Jà, Ó Lábùúrò tó Gbójú: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan ní Òmù-Àrán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní Òmù-Àrán. Mo ń kọ ìtàn àròsọ mérìíyìírí fún àwọn ọmọ ọdún 14 sí 18. Ọmọbìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni bàbá wọn. Àmínátù jẹ́ ọmọ ọdún 16, Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, dàdá ni, agbára sì wà nínú irun rẹ̀. Sàínábù jẹ́ ọmọ ọdún 15, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Wọ́n gé irun rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, inú bí àwọn òbí rẹ̀, wọ́n fi í ránṣẹ́ sílé. Mo fẹ́ kí ìtàn náà sọ̀rọ̀ nípa ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aláwọ̀ dúdú. Ènìyàn mẹ́ta ló ti kà á. Ọ̀kan ní ìtàn méjì ni mo fi túláàsì so pọ̀. Ìkejì bi mí pé òyìnbó wo ló wà ní Ìlọrin tó ń fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ìkẹta, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àfáà, ní òrìṣà ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, tíṣà. Mo ka orí mẹ́rin tí ẹ fi ránṣẹ́, mo sì tún un kà. Ẹni àkọ́kọ́ tó ka ìwé yín sọ òótọ́. Ìtàn méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbé inú agboolé kan náà, wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan náà, àmọ́ wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, okùn tó máa so wọ́n pọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò kàn tíì fà á ni. Irun ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, torí ibẹ̀ lẹ ti sáré jù. Ẹ kọ ọ́ pé wọ́n gé irun Sàínábù "nítorí pé wọn ò fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú." Ó tán, gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún 15 tó bá kà á nílé wa níbí á rò pé tíṣà burúkú kan ló ṣe é, bí tíṣà burúkú ṣe wà níbi gbogbo. Ìyà tí ẹ fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìwà ẹnì kan. Ó ní ìwé, ó ní òfin, ó ní adájọ́ tó jókòó lé e lórí. Ní ọdún 1786, nígbà tí New Orleans ṣì wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì, gómìnà Esteban Miró pàṣẹ pé kí àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira máa fi aṣọ bo irun wọn, kí wọ́n má baà jọ obìnrin aláwọ̀ funfun lójú pópó. Kí làwọn obìnrin náà ṣe? Wọ́n wá aṣọ aláràbarà, wọ́n wé e lọ́nà tó ń fa ojú ènìyàn mọ́ra, aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi dójú tì wọ́n di gèlè mọ́ wọn lórí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ìyẹn. Obìnrin ilé wa kan á kà á, á ní ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé fi pamọ́.

Ẹ má wulẹ̀ kó gbogbo ìtàn yẹn sínú ìwé yín o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kó wà lẹ́yìn ohun tí ẹ bá kọ. Ṣùgbọ́n méjì wà tó yẹ kí bàbá Sàínábù mọ̀, kó sì máa rò ó lọ́kàn lálẹ́ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ọmọ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan, adúláwọ̀, fẹ́ wọ ìjàkadì. Rẹfirí ní kó gé dàdá orí rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti pàdánù. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e níbẹ̀, lójú gbogbo èrò. Ọmọ náà jà, ó sì borí, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá wo ojú rẹ̀ nínú fídíò tó tàn kálẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé ó borí. Ẹ̀yin tí ẹ ò jìnnà sí Ọ̀ffà, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ orò, ẹ gbé e yẹ̀ wò: kí wọ́n mú ọmọ wọ agbo, kí wọ́n kọ́kọ́ gé irun orí rẹ̀ kó tó di pé ó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

Ìkejì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ìwé náà. Ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ti fẹ́ gba obìnrin dúdú kan síṣẹ́, wọ́n wá ní àfi kó gé dàdá rẹ̀. Kò gé e, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ di tilé ẹjọ́. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ilé iṣẹ́ náà láre. Ohun tí wọ́n fi gbè é lẹ́yìn ni pé àwọ̀ ara ni ènìyàn ò lè yí padà, irun ṣe é yí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá lé ọ torí irun rẹ kò tíì lé ọ torí àwọ̀ rẹ. Ọdún 2019 ni ìpínlẹ̀ California kọ́kọ́ ṣòfin tó sọ pé irun náà wà lára ohun tí a kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ènìyàn, àwọn ìpínlẹ̀ míì sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di òfin gbogbo Amẹ́ríkà, Ilé Aṣojú-ṣòfin gbà á wọlé ní 2022, kò la ti Sẹ́nétì kọjá.

Ẹ wá gbé gbólóhùn àwọn adájọ́ yẹn wá sí Ìlọrin. Irun ṣe é yí padà. Kí ni ìyá àgbà Àmínátù máa sọ? Dàdá wà lára orúkọ àmútọ̀runwá, òun pẹ̀lú Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìgè, Òjó àti Àìná. Ẹnikẹ́ni kò jókòó ro ohun tí wọ́n máa sọ ọmọ náà. Ó gbé orúkọ rẹ̀ lórí dé. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ wáyé, ǹjẹ́ wọ́n lè ní kó padà lọ fi orí wá? Ibi tí adájọ́ Amẹ́ríkà ti ka irun sí ohun tó ṣe é bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ, ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti sọ pé ènìyàn náà nìyẹn. Ẹ rí i pé ìtàn méjèèjì ti pàdé? Mérìíyìírí inú ìwé yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun mìíràn. Kí gbogbo iṣẹ́ ìyanu tó bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ máa dáhùn ìbéèrè kan yìí: ṣé ohun tí ọmọ yìí wọ̀ ni, àbí ohun tó jẹ́?

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú iná kúrò. Ní orí kejì, irun Àmínátù ń tàn lóru, ó wo ìyá àgbà sàn, ó tún pe òjò lọ́jọ́ tí oòrùn mú. Agbára tó bá lè ṣe gbogbo nǹkan, ta ló máa bẹ̀rù fún ẹni tó ní in? Láti ìgbà tí ọdẹ Fágúnwà ti wọ inú igbó ní 1938 la ti mọ̀ pé iwin tó wuni jù ni iwin tó ní èèwọ̀. Ẹ fún irun náà ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí iṣẹ́ náà ní ibi tó pin sí, kó sì máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tí èmi máa fi sí i nìyí, bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dà á nù. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí Àmínátù ni irun rẹ̀ ń pa mọ́, ìdì kọ̀ọ̀kan ní ọdún tirẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í fọwọ́ kan orí dàdá lásán. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ fi owó sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibà á mú ọmọ. Ẹ yí i díẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìfowó sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú ìdì náà, bí ó ṣe dun ọmọ náà ló ṣe máa dùn ún, kò sì ní bọ́ lára rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmínátù ni kò lè ka tirẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè fi ìka kà á láìfarapa, ìyẹn Sàínábù, á máa kà á bí ọmọ kéú ṣe ń ka wàláà, láti ọ̀tún wá sí òsì. Ìdì tó bá sì ti kà tán á já. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i ni irun ń tán lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni òǹkàwé yín á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Sàínábù ńkọ́? Irun tirẹ̀ tí wọ́n gé wà nínú garawa pàǹtí kan ní Amẹ́ríkà, kò bá a wọ ọkọ̀ òfuurufú. Odidi ọdún kan wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà mọ́, òun náà ò rántí rẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ pé wọ́n gé irun òun. Kò rántí ohun tí òun sọ nígbà tí wọ́n ń gé e, bóyá òun pariwo, bóyá òun dákẹ́. Ohun tó wá sílé wá wá nìyẹn, kódà bí kò bá mọ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ ò tún ní láti wàásù fún ẹnikẹ́ni pé ìyà jẹ ọmọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ nípa irun gígé. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ dàdá. Agboolé wa ní Ìlọrin la ti bí wa, ìyá mi sì ń so owó ẹyọ méjì mọ́ ọn lórí, ó ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé lọ́dọọdún nítorí rẹ̀. Kíláàsì kẹta ló wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí n ò ní dárúkọ nígbà tí hẹdimásítà ní irun náà dọ̀tí. Ó fi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páálí gé e ní àsẹ́ḿbílì. Èmi ni mo ṣa irun náà nílẹ̀ sínú híjáàbù mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo kó o lọ sílé. Ìyá mi ò pariwo. Ó tú u sórí ẹní, ó ń kà á, ọ̀kan, èjì, bí ẹni tó ń ka owó tí wọ́n jí nínú rẹ̀. Àbúrò mi ṣe ibà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè jẹ́ ibà lásán, torí ìgbà òjò ni, ẹ̀fọn sì pọ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí onígbàjámọ̀ bá fẹ́ gé irun rẹ̀, ó máa ń di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Hẹdimásítà yẹn dúdú ju èmi lọ. Èyí ni mo fẹ́ fi dá ẹnì kejì tó ka ìwé yín lóhùn. Ìbéèrè rẹ̀ kò ṣe é jù nù. Kò sí òyìnbó nínú àsẹ́ḿbílì wa lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òyìnbó nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí tí wọ́n ti ń fi rìláṣà jó ọmọ ọdún méje létí, tí wọ́n ń sọ fún un pé irun rẹ̀ le bí koríko. Ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ó le? Ta la fi ṣe òṣùwọ̀n? Ìkòkò tí wọ́n fi se ọbẹ̀ náà lè wà lókè òkun, kí òórùn rẹ̀ máa wọ ilé wa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde káàkiri Nàìjíríà nítorí ọlọ́pàá SARS, lára ẹjọ́ tí wọ́n ń rò ni pé bí ọlọ́pàá bá ti rí ọmọkùnrin tó ní dàdá lórí, ó ti sọ ọ́ di ọmọ Yahoo nìyẹn. Ọlọ́pàá tó dúdú bí tiwa ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ kan ní Pretoria, ní South Africa, dìde torí pé wọ́n ń ní kí wọ́n na irun wọn. Sàínábù á ti gbọ́ gbogbo èyí rí lórí fóònù. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí Àmínátù lọ gé irun rẹ̀ kó tó ya fọ́tò ìdánwò WAEC, Sàínábù á sọ pé ohun kan náà ni, pé ibi tí òun ti sá wá náà ló tún dé yìí.

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ìwé yín gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tí àwọn ìwé irú èyí ti máa ń bà jẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ohun kan náà. Ní Virginia ní Amẹ́ríkà, nígbà òwò ẹrú, òfin ọdún 1662 sọ pé ipò ìyá ni ọmọ á gbé: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú lọmọ, bó ti wù kí bàbá rẹ̀ funfun tó. Àwa náà ní ẹrú, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ẹrú kún Ìlọrin nígbà ogun, ìjọba amúnisìn ní Àríwá Nàìjíríà sì ṣòfin lé e ní 1901, kò tán pátápátá lábẹ́ òfin títí di 1936. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ṣàríà, ọmọ tí olówó bá bí fún ẹrúbìnrin rẹ̀, ọmọ bàbá rẹ̀ ni, òmìnira ni. Àìṣòdodo méjì ni, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n kò tíì wo ìkankan dáadáa. Hẹdimásítà tó gé irun àbúrò mi, bàbá mi lọ bá a nílé lálẹ́, wọ́n jọ jókòó, ó tọrọ àforíjì nítorí pé ó mọ bàbá bàbá wa. Ta ni bàbá Sàínábù máa lọ bá lálẹ́ ní Amẹ́ríkà?

Ọ̀rọ̀ "ẹlẹ́yàmẹ̀yà" tí ẹ lò nígbà mọ́kànlá, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Ó gba Yorùbá àti Ìgbò, ó gba funfun àti dúdú, ó gba ẹni tí wọn ò fún ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú ní lókà gọ́fúmẹ́ntì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo èèyàn wọlé, kò sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n lójú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ lo èyí tí àwọn ọmọ náà á gbọ́: ní Amẹ́ríkà wọ́n ń pe Sàínábù ní dúdú, ó dé Ìlọrin, àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní òyìnbó torí ohùn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan tó ti gbé ìlú òyìnbó rí wá pè é ní akátá. Orúkọ mẹ́ta, kò sí èyí tó bá a wáyé. Ìlú tó sì dé yìí náà, ẹ wò ó: ìdílé Fúlàní wà níbẹ̀ tí wọn ò gbọ́ Fúlàní mọ́, Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣépè fún ọmọ. Balógun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Àjíkobì, Àlánámù, Gàmbàrí àti Fúlàní, nítorí pé ibi tí oríṣiríṣi ènìyàn ti wá ni. Kò sí ibi tó dára ju Ìlọrin lọ fún ọmọ tó ń béèrè pé ta ni òun.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, èyí tó wù mí jù. Ẹ pè wọ́n ní "sísítà" káàkiri. Kí ló dé? Yorùbá ò bìkítà bóyá ọmọbìnrin ni tàbí ọmọkùnrin, ta ló kọ́kọ́ rí oòrùn ló ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ọdún kan péré ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ọdún kan yẹn tó fún "ẹ." Sàínábù dé láti Amẹ́ríkà, ó ń sọ "o" fún Àmínátù, ó ń sọ "o" fún ìyá àgbà pàápàá, gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ọjọ́ kan máa wà, mo ń bọ̀ níbẹ̀, tó máa kọ́kọ́ sọ "ẹ," kí òǹkàwé tó bá dé ibẹ̀ dákẹ́.

Òwe tó ń gbé ìwé yín ẹ ti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀: Dàdá ò lè jà, ó lábùúrò tó gbójú. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Àmínátù ni Dàdá, oníwà pẹ̀lẹ́. Sàínábù ni àbúrò tó gbójú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fọ́tò ìdánwò bá dé, Sàínábù á lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, á rò ó bí wọ́n ṣe ń rò ó ní Amẹ́ríkà, á fẹsẹ̀ òfin múlẹ̀, á ní òun á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá tó ti fẹ́ gbójú fò ó tẹ́lẹ̀ kò ní lè gbójú fò ó mọ́. Irun á lọ. Ẹni tó jà fún Dàdá ló jẹ́ kí wọ́n gé Dàdá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Àmínátù tí kì í bínú á bi í pé, "Ta ló rán ẹ?" Ẹ má dáhùn ìbéèrè yẹn nínú orí kan náà.

Nǹkan kan tún wà nínú òwe yìí tí àwọn tó ń pa á kì í dé ibẹ̀. Dàdá tí wọ́n ń wí ni Àjàká, Aláàfin Ọ̀yọ́, ẹ̀gbọ́n Ṣàngó. Wọ́n yọ ọ́ lórí oyè torí pé ó rọ̀ jù, Ṣàngó jọba. Nígbà tí Ṣàngó lọ, wọ́n tún lọ pe Àjàká padà. Àwọn tó kọ ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé ìgbà tó padà yìí, ènìyàn mìíràn ni, ó gbógun dé ilẹ̀ Tápà. Dàdá kọ́ ìjà. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ibẹ̀ ni mo máa ti mú ìdajì ìwé tó kù.

Ibo ni wọ́n á ti parí ìjà láàárín ara wọn? Ẹ fi wọ́n sínú mọ́tò lọ sí Ẹ̀ṣíẹ́, kò jìnnà sọ́dọ̀ yín, ẹ lè kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ wò ó kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Ère òkúta tó ju 800 lọ ló wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wọn jókòó, ọ̀pọ̀ jẹ́ obìnrin. Ẹ sún mọ́ orí wọn: irun dídì ni wọ́n gbẹ́ sí i, oríṣiríṣi, pẹ̀lú sùúrù, irun tí sísọ́ọ̀sì kankan ò lè ràn. Ọ̀pọ̀ orí sì ti kán kúrò lọ́rùn. Àwọn ará ìlú ní àlejò ni wọ́n, pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá kí wọ́n tó di òkúta. Sàínábù tó jẹ́ àlejò ní ìlú bàbá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró síwájú ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ère náà sọ̀rọ̀ o! Ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́jú. Kí ó kàn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irun orí rẹ̀, kí Àmínátù tí wọ́n ti gé tirẹ̀ yọ ìbòrí, kó jókòó sílẹ̀ síwájú Sàínábù, kó gbé orí sáàárín orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dirun. Kò sí irun láti dì. Ìdì kan péré ló kù ní ìpàkọ́ tí sísọ́ọ̀sì fò, ẹ sì ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá kà á. Ibẹ̀ ni Sàínábù á ti béèrè bóyá kí òun kà á. Ibẹ̀ ló ti máa sọ "ẹ."

Ti ẹ̀gbọ́n yín àfáà kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ohun tó sọ. Ìlọrin ni, ẹṣin leégún ilé wọn. Kò sí àǹfààní nínú kí ẹ máa gbé ojúbọ kalẹ̀ níbi tí kò sí, inú ìlú Ìgbómìnà lẹ ti lè fi eégún Ẹléwe jó. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ, ẹ fi sẹ́nu àfáà kan nínú ìwé náà, kí ó jẹ́ ọlọ́gbọ́n, kó má jẹ́ ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ ìkómọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ó yẹ kí wọ́n fá orí ọmọ, ìyá àgbà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fá orí dàdá, bàbá ọmọ dúró láàárín. Àfáà á rántí hádíísì tó ní kí a fá gbogbo orí tàbí kí a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ọmọ, ó wo ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 16 lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá ti gé e tán, òun ni kó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wá kí wọn. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín kà kó rí ara rẹ̀, ẹ ó rí i pé á tún bá yín ṣàtúnṣe Lárúbáwá tó wà níbẹ̀.

Ohun kékeré kan tó kù. Ní ojú ìwé 31 ẹ kọ ọ́ pé sísọ́ọ̀sì dún "ṣá" irun sì jábọ́. Dàdá kì í já ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó ki, sísọ́ọ̀sì á há, wọ́n á tún un tẹ̀, á máa dún gìẹ́ gìẹ́ bí ẹni tó ń gé okùn ìkànga. Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.